Epo Bàbá Mi Tó Wà ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá mi, Adégbìtẹ́ oní-sítóòfù, ni ọ̀mọ̀ràn epo tí ìjọba Nàìjíríà kò rántí gbà síṣẹ́. Ẹ dé Terminus nílùú Jos láyé ìgbà náà, ẹ ó bá wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù, rédíò létí, tí wọ́n ń ṣàlàyé ìjà àwọn Lárúbáwá fún ẹni tó kàn fẹ́ ra òwú fìtílà.

Lọ́dún 1973 tí àwọn Lárúbáwá ní àwọn ò ta epo fún Amẹ́ríkà mọ́, tí owó epo sì fò sókè káàkiri ayé, inú Bàbá dùn bí ẹni pé kànga ẹ̀yìnkùlé wa ní Angwan Rukuba ni wọ́n ti ń fa epo náà. Wọ́n wọlé, wọ́n fẹsẹ̀ tú àdògán ìyá mi ká, wọ́n gbé sítóòfù mẹ́rin kalẹ̀.

"Ìbíjọkẹ́, Nàìjíríà ti lówó. Èéfín ò gbọdọ̀ jáde nínú ilé yìí mọ́ láé."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣa òkúta àdògán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó o sẹ́yìn balùwẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, rédíò sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn dun Amẹ́ríkà débi pé ó fẹ́ máa kó epo pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀, nítorí ọjọ́ tí Lárúbáwá bá tún bínú. Bàbá ní òun náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò gidi ni, n ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ibi tí wọ́n kó o pamọ́ sí ni kí ẹ wá gbọ́.

Ẹ mọ àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́. Jos ni Bàbá ti lajú, Jos ni wọ́n ti bí gbogbo wa, síbẹ̀ ìdálẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ohunkóhun tó bá dára, ilé ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀dì onírin wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ pé aláǹgbá nìkan ló ń sùn níbẹ̀. Àwa ń sùn lórí ẹní nínú òtútù Jos. Ibẹ̀ náà ni kárósíìnì gbà lọ. Bí Bàbá bá ti ń lọ sílé ọdún, dúróòmù á tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ìlú Ìráàn dàrú lọ́dún 1979, tí owó epo tún fò, wọ́n fi kún un. Wọ́n ti yàrá tí wọ́n kó o sí pa, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò.

Ẹ má fi wọ́n nìkan rẹ́rìn-ín. Ìjọba tiwa náà ń di epo rọ̀bì ránṣẹ́ sókè òkun, ó sì ń padà ra èyí tí wọ́n ti fọ̀ lọ́hùn-ún. Bàbá kàn ń ṣe tiwọn láìní ọkọ̀ ojú omi ni.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún 1982 ni ìgbéyàwó èmi Súmbọ̀. Bàbá ti lérí níwájú ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pé igi ìdáná ò ní jó níbi ìgbéyàwó ọmọ àwọn. Ni kárósíìnì bá pòórá ní Jos. Láti Terminus dé Naraguta, "Babu!" ni gbogbo ẹlẹ́po ń dá èèyàn lóhùn, ìyẹn ni pé kò sí rárá lédè Haúsá. Nígbà tó ku ọjọ́ mélòó kan, Bàbá wọ píkọ́ọ̀pù wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ gbé epo nílé.

Mo kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká figi dáná. Ẹ̀yin ni mo fẹ́, n ò fẹ́ epo."

"Haba, Súmbọ̀! Màá ti dé kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ta ló máa fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́ bí kì í bá ṣe èmi?"

Lááwàlì, àbúrò Bàbá tó ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́, ló sọ ìyókù fún mi. Bẹntiróòlù tán nínú ọkọ̀ bí wọ́n ṣe wọ Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sí níbi kankan nílùú. Lááwàlì bá wọn rí àyè nínú lọ́rì oníṣu tó ń lọ sí Kàdúná, níbi tí wọn á ti wọ ọkọ̀ Jos.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi epo sílẹ̀, ẹ máa lọ. Ìgbéyàwó ọmọ yín ni o!"

"Kí n wọ Jos lọ́wọ́ òfo, kí ẹgbẹ́ máa fi mí ṣẹ̀sín? Bẹntiróòlù á dé lọ́la."

Lọ́rì lọ. Bàbá jókòó ti yàrá tó kún fún epo, wọn ò sì rí epo tí wọn yóò fi rìn.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìyá mi lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, wọ́n kó òkúta àdògán wọn jáde. Wọ́n tún ṣí páànù kan tó fara ti ògiri níbẹ̀. Igi gbígbẹ ló kún abẹ́ rẹ̀ fọ́fọ́, èyí tí wọ́n ti ń rà pamọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tí Bàbá ti tú àdògán ká. Ìrẹsì jinná, ó sì dùn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, Pásítọ̀ béèrè ẹni tó máa fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Mo bojú wo ẹnu ọ̀nà. Ó pẹ́ kí Bùọ̀dá Abraham, àbúrò ìyá mi, tó dìde wá di ọwọ́ mi mú. Mo sunkún, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Bàbá tó dé. Wọ́n wá sílé ọkọ mi ní Naraguta, eruku ọ̀nà ṣì wà ní irun wọn, wọ́n gbé gálọ́ọ̀nù kárósíìnì kan lọ́wọ́.

"Súmbọ̀, epo ti dé."

Inú ń bí mi, àánú wọn sì ń ṣe mí. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo dúpẹ́. Ọkọ mi béèrè ibi tí òun máa gbé e sí. Mo ní kó gbé e sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí ìyá mi dì fún mi.