Wọ́n Ní Ọmọ Náà Ń Sanra

"Ẹ wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi o." Ìyá àgbà gbé àbúrò mi obìnrin sókè nínú oòrùn àárọ̀. Ọwọ́ wọn ṣì funfun fún ògì tí wọ́n ń sẹ́ lọ́wọ́, òórùn kíkan rẹ̀ sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Aládùúgbò wa obìnrin rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ìyá, ẹ rọra o, kó má ṣẹ́ yín lẹ́yìn. Kí lẹ ń fún un jẹ?"

"Ẹ̀kọ náà ni. Ọwọ́ mi ló yàtọ̀."

Abúlé wa kò jìnnà sí Ẹgbẹ́dá. Ìyá wa ti lóyún mìíràn, wọ́n sì ti já àbúrò mi lẹ́nu ọmú kó tó pé ọdún kan ààbọ̀. Ìyá àgbà ló gbà á. Ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀kọ lọ́sàn-án, ẹ̀kọ lálẹ́. Èèrí ògì ni wọ́n ń dà fún adìyẹ, ẹyin adìyẹ sì ń lọ sí ọjà Adégbàyí. Nígbà tí àbúrò mi nawọ́ sí igbá ẹyin, wọ́n rọra gbé igbá náà kúrò.

"Tó bá mọ adùn rẹ̀ báyìí, olè ló máa yà."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń kún, ẹsẹ̀ ń kún. Irun orí rẹ̀ pọ́n bí irun àgbàdo. Kì í sunkún mọ́, kì í bá mi ṣeré mọ́. A ní ó ti ń gbọ́n ni.

Ìgbà tí awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó ni ìyá àgbà pọ̀n ọ́n, tí a rìn lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ jìn, kò padà.

"Ìyá, omi lẹ ń wò yìí, kì í ṣe ẹran ara. Ebi ló ń pa ọmọ yìí."

"Ebi kẹ̀? Àjẹyó ló ń jẹ."

"Ẹ ò ní adìyẹ nílé ni?"

"Mẹ́fà," ni ìyá àgbà wí. Wọ́n tún ọmọ náà pọ̀n, a sì forí lé ilé.

Wọ́n se ẹyin mẹ́ta lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n fi ìka rún un sínú ẹ̀kọ. Àbúrò mi kò lè gbé e mì. Ẹ̀kọ náà ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n ń nù ún, wọ́n tún ń fi sí i.

"Jẹ ẹ́, ìyá mi. Ya olè, mo gbà."

Ó kú lọ́jọ́ kẹta.

Ìyàwó mi máa ń bá mi wí pé mò ń tẹ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un títí òun náà fi kú. Ohun tí mo gbé kúrò ní abúlé yẹn kò ju àtàǹpàkò nọ́ọ̀sì yẹn lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Olódò, níbi tí mò ń gbé báyìí, aládùúgbò mi obìnrin kan gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wá. "Bàbá, ẹ wo bó ṣe ń sanra." Mo tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ibẹ̀ jìn, kò padà. Mo ní kó gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín sí mi, bí ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ òun yàtọ̀.