Bátìrì Tí Kò Fẹ́ Ìtọ́jú

Gbogbo aṣọ tí mo ń wọ̀ ní Sátidé ló ní ihò nígbà náà. Ihò wẹ́wẹ́ ni, bí ẹni pé kòkòrò jẹ wọ́n, kì í sì í hàn títí aṣọ yóò fi dé inú omi ìfọṣọ. Áásìdì bátìrì ló ń fà á. Mo ya aṣọ mẹ́ta sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà, inú sì máa ń bí mi bí mo bá ti rí wọn lórí okùn, nítorí wọ́n ń rán mi létí pé Sátidé mìíràn ń bọ̀, àti pé ilé bàbá mi ní Bódìjà ni mo máa lọ.

Bàbá mi ní ọkọ̀ kan tó tún jẹ́ ilé. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe lábẹ́ ìjọba, inú igbó ni wọ́n sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ra bọ́ọ̀sì àlòkù kan, wọ́n tú gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, wọ́n ní kí káfíńtà ṣe bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì kékeré sínú rẹ̀. Wọ́n gbé fíríìjì sí i, wọ́n so fáànù mọ́ àjà rẹ̀, wọ́n to pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí rẹ̀. Bátìrì mẹ́rin tó ń gbé gbogbo iná yìí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní ilé onítáyà. Ìyá mi ti kú ṣáájú ìgbà náà, bàbá mi sì sọ pé àwọn ò lè jókòó sínú ilé oníyàrá márùn-ún kí àwọn máa ka yàrá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, wọ́n á gba Òjòó jáde sí ọ̀nà Ọ̀yọ́, wọ́n á sùn ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí, wọ́n á sì padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú iṣu àti ìròyìn.

Bátìrì olómi ni bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu mẹ́fà, a sì gbọ́dọ̀ máa ṣí ẹnu wọ̀nyí ká wò ó bóyá omi inú wọn ti fà. Oníbátìrì wa ní àdúgbò Challenge sọ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó. Bàbá mi ní rárá, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Ojú wọn kò ríran dé ìsàlẹ̀ ẹnu bátìrì mọ́, nítorí náà èmi ni mo ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á di ìgò omi bátìrì mú.

“Ṣé omi bo irin inú ẹ̀?”

“Ó bò ó, sà.”

“Tún un wò dáadáa.”

Láàárín ẹnu kan sí èkejì ni ìtàn máa ń wọlé. Mo ti gbọ́ ti baálẹ̀ kan láìmọye ìgbà, baálẹ̀ tó máa ń hú òpó ààlà bí bàbá mi bá ti kẹ́yìn sí i, tó sì máa ń fi gbogbo ẹnu sọ pé ìjì ló gbé òpó onísìmẹ́ńtì lọ. Iṣẹ́ tó yẹ kó gba ogún ìṣẹ́jú á wá gba wákàtí mẹ́ta. Báǹkì kan ní Dùgbẹ̀ ni mo ń bá ṣiṣẹ́, Ring Road ni mo ń gbé, ó sì máa ń rẹ̀ mí títí dé eegun. Lójú mi nígbà náà, bátìrì ló ń jẹ Sátidé mi.

Mo wá ronú, mo sì rò pé mo gbọ́n. Nígbà tí báǹkì fún wa lówó ìparí ọdún, mo gba ọ̀dọ̀ oníbátìrì lọ. Ó fi irú tuntun kan hàn mí, èyí tí wọ́n ń pè ní dráì.

“Àǹtí, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti dí ẹnu èyí pa,” ó ní. “Kò sí pé à ń bu omi sí i, kò sí áásìdì tó máa ta sí yín láṣọ. Kò fẹ́ ìtọ́jú rárá. Ẹ kàn gbé e síbẹ̀, kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ ni.” Ó wá bi mí: “Àmọ́ ṣé Bàbá mọ̀ pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀?”

Mo ní rárá, mo fẹ́ fi yà wọ́n lẹ́nu ni. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Inú mi dùn gan-an pé èmi náà ti di ọmọ tó ní ọmú.

Bàbá mi dúró ti oníbátìrì títí ó fi parí iṣẹ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra orí bátìrì tuntun náà láti igun kan dé èkejì, bí ẹni ń wá nǹkan.

“Ibo ló ti ń mu omi?”

“Kì í mu omi, sà. Kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́ láéláé,” ni mo dá wọn lóhùn.

Wọ́n wá gbàdúrà fún mi, àdúrà tó gùn dáadáa, mo sì ń ṣe àmín pẹ̀lú ayọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìgò omi bátìrì tó ṣẹ́ kù lọ sí ilé ìdáná, wọ́n rọra tò ó sórí pẹpẹ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo sùn di ọ̀sán. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, mo lọ ṣe irun. Mo ń pè wọ́n lórí fóònù, àmọ́ bàbá mi kò mọ fóònù sọ: wọ́n á ní a dúpẹ́, wọ́n á ní ó dàárọ̀, ì báà ṣe agogo méjì ọ̀sán. Ojú lọ̀rọ̀ wà, èmi sì ti gbé ojú mi kúrò níbẹ̀. Ó tó oṣù méjì tí n kò dé Bódìjà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ mi ń kọjá ní Mọ́kọ́lá, tí kò jìnnà síbẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀.

Ní àárọ̀ Jímọ̀ kan ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní fíríìjì ọkọ̀ ti kú, fáànù ti kú, bátìrì tuntun ti bàjẹ́. Inú bí mi. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé oníbátìrì sínú ọkọ̀ mi ní Challenge, mo sì ń bá a wíjọ́ títí a fi dé Bódìjà. Kò janpata. Ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi mítà wọn bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu wáyà kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yí sípánà lẹ́ẹ̀mejì péré, fíríìjì sì pariwo, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

“Ó ti tán, Bàbá. Wáyà kan ló tú.”

Bàbá mi ń wo àjà ọkọ̀. “Ṣé kò ní tún tú?”

Oníbátìrì wò wọ́n, ó wò mí. “Ó lè tú o, sà. Ó yẹ kí ẹnìkan máa wá yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.”

Mo yarí. “Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé kò fẹ́ ìtọ́jú!”

“Bátìrì ni mo sọ pé kò fẹ́ ìtọ́jú, Àǹtí.”

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Tèmi kò tètè di odindi. A ti padà dé Mọ́kọ́lá kí oníbátìrì tó rí i pé mo ṣì ń bínú, ó wá là á yé mi. Ó ní nọ́ọ̀tì tó so wáyà mọ́ bátìrì, tí òun fi sípánà dè pinpin, kì í tú fúnra rẹ̀. Ó ní ẹni tó tú u mọ ohun tó ń ṣe, nítorí ó fi aṣọ mímọ́ wé ẹnu wáyà náà kó má baà kan nǹkan.

Mo wa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo sì sunkún. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Oníbátìrì yíjú sí fèrèsé, ó ń ka orúkọ ara ṣọ́ọ̀bù.

Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, bàbá mi ń jókòó sórí àpótí, wọ́n á bi mí bóyá nọ́ọ̀tì le, màá ní ó le, wọ́n á ní kí n tún un wò. N kò sọ pé mo mọ̀. Àwọn náà kò sọ nǹkan kan. Bí a ṣe ṣe é fún ọdún mẹ́rin nìyẹn, a lọ sí Ṣakí pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbádùn rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Nígbà tó yá, orúnkún wọn kò gbà wọ́n láyè láti wakọ̀ mọ́, wọ́n sì pinnu láti ta bọ́ọ̀sì náà. Ọkùnrin kan wá rà á láti Àpáta. Ó yẹ táyà wò, ó yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó wá béèrè nípa àwọn bátìrì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Sípánà wà lọ́wọ́ mi níbi tí mo dúró sí.

“Ẹ má da ara yín láàmú nítorí ìyẹn,” bàbá mi dá a lóhùn. “Kò fẹ́ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, kò sígbà kan tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.”

N kò lè wo ojú wọn. Nígbà tí ọkọ̀ jáde ní géètì, àwa méjèèjì dúró, à ń wo ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti rin. Bàbá mi kì í bẹ ènìyàn. N kò gbọ́ ọ rí láyé mi kí wọ́n bi ọmọ wọn kan ní ìgbà tó máa wá. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní:

“Sátidé tó ń bọ̀ ńkọ́?”

“Màá wá, sà.”

“Kí lo fẹ́ wá ṣe?”

“Ẹ̀yin ni mo fẹ́ wá wò.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, “Ó dáa. Tètè máa bọ̀.”

Mo ti ń lọ láti ìgbà náà, láìmú irinṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Mo ti dàgbà tó báyìí láti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí kò ní sípánà tí wọ́n lè fi pe ọmọ wọn. Ó ṣì ń dùn mí pé bàbá mi ní láti kúnlẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú orúnkún yẹn, kí wọ́n tó lè sọ fún mi pé àárò mi ń sọ wọ́n. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, mo sì gbọ́.