Ẹyẹ Tó Kúnlẹ̀ ní Galadimawa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Galadimawa, ní Abuja, kò sí eré ìje tí mo sá tí n kò gbẹ́yìn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ máa ń gba ife ẹ̀yẹ, ẹ kú oríire. Ní tèmi, kí n tó dé ìlà òpin, wọ́n á ti ká okùn rẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ ilé nìkan lẹsẹ̀ mi yá sí: kí n sáré ká aṣọ kí òjò tó dé, kí n gbé kẹ́ẹ̀gì lọ pọnmi, kí n lọ ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá Hausa tó wà ní ìkóríta, kí n sì ti jẹ ọ̀kan kí n tó délé.

Ọdún tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù àgbáyé ní South Africa ni nǹkan yí padà. Ẹ ó rántí àmọ̀tẹ́kùn onírun aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Kò síbi tí kò sí: lára ìwé, lára fìlà, lára ẹ̀wù tí wọ́n ń tà láàárín ọkọ̀. Máskọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Màdáámú tó ni ilé ìwé wa, tí kì í fi ìpolówó ṣeré, ní eré ìdárayá tiwa náà gbọ́dọ̀ ní máskọ́ọ̀tì, ẹyẹ idì ni yóò sì jẹ́. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń rán tìmùtìmù àga lọ́jà. Ọkùnrin náà mọ àga ṣe. Ó fi fóòmù ṣe orí, ó fi kápẹ́ẹ̀tì funfun ṣe ìyẹ́. Nígbà tó gbé e dé, adìyẹ àgíríìkì ni gbogbo ilé ìwé pè é.

Ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ kúrú, kó mọ ijó jó, kó má sì sí lára àwọn tó ń sáré. Ta ló tún kù? Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún mi lórí pápá. Àmọ́ bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba, ní ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama ti sún mọ́lé. Wọ́n ní, "N ò sanwó ilé ìwé kí wọ́n lè sọ ọmọ mi di adìyẹ." Mo ní mo ti gbọ́. N kò sì sọ fún tíṣà pé n kò ṣe mọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí iṣẹ́ pọ̀ fún wọn ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ eré ìdárayá náà.

Òfin tíṣà eré ìdárayá kò ju méjì lọ: máskọ́ọ̀tì kì í sọ̀rọ̀, kò sì gbọdọ̀ bọ́ orí rẹ̀. Oòrùn ọjọ́ náà kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Òórùn gọ́ọ̀mù kún inú fóòmù, òógùn ń ṣàn sí mi lẹ́nu, ihò kékeré abẹ́ àgógó ni mo fi ń ríran. Ṣùgbọ́n mo jó. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń sunkún, àwọn àgbà ń pàtẹ́wọ́.

Wọ́n wá ní kí n lọ bọ àwọn àlejò pàtàkì lọ́wọ́. Mo bọ ẹni àkọ́kọ́, mo bọ ẹnìkejì. Bàtà ẹnìkẹta ni mo kọ́kọ́ rí, bàtà tí èmi fúnra mi kùn ní páálíìṣì láàárọ̀. Mo gbójú sókè. Bàbá mi ni. Ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì ni ilé ìwé pè, ọ̀gá náà ló wá ní kí bàbá mi lọ ṣojú fún òun.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá mọ̀ pé orúnkún ọmọbìnrin kì í dúró gba àṣẹ. Kí n tó ronú, mo ti kúnlẹ̀, "Ẹ káàsán, Dádì" sì ti jáde lẹ́nu adìyẹ. Orí fóòmù fà mí síwájú, àgógó gúnlẹ̀, n kò lè dìde mọ́. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà sáré dé, ó ní, "Abeg, stand up. Eagle no dey kneel."

Bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìyẹ́ mi méjèèjì, tí wọ́n gbé mi dìde. Wọ́n fẹnu sún mọ́ ihò náà, wọ́n ní, "Ṣé ò ń mí dáadáa?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fi ìwé ètò ọwọ́ wọn fẹ́ mi díẹ̀. "Ó dáa. Lọ parí iṣẹ́ ẹ. A ó ríra nílé." Mo sunkún nínú fóòmù. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn.

A ríra nílé lóòótọ́. Mo kúnlẹ̀ kọjú sógiri, mo na apá méjèèjì sókè. "Ẹni tó bá purọ́ á jalè," ni bàbá mi ń tẹnu mọ́. Màmá mi ń dín dòdò ní kíṣìnnì, òórùn rẹ̀ sì ń fi ìyà kún ìyà mi.

Lóde òní, àwọn ilé ìwé Abuja ń háyà máskọ́ọ̀tì tó ní fáànù nínú. Fọ́tò nìkan làwọn ọmọ ń bá a yà, kò sẹ́ni tó ń kí i. Lórí tẹlifíṣọ̀n, mò ń rí àwọn máskọ́ọ̀tì tó ń bọ ààrẹ orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ lóòró gangan, mo sì máa ń sọ lọ́kàn mi pé wọn ò kọ́ wọn nílé. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá ti rí máskọ́ọ̀tì kan, wọ́n á yíjú sí àlejò tó bá jókòó tì wọ́n, wọ́n á ní, "Ọmọ mi yìí ti ṣe èyí rí. Èmi ni mo ní kó ṣe é." Màmá mi á wò mí, èmi náà á wò wọ́n. Tí n bá ní kí n sọ òótọ́, ìtàn ti bàbá mi dùn mọ́ mi ju tèmi lọ.