Àyè Tó Wà Láàárín Èmi àti Bàbá Ivan

Ní òwúrọ̀ tí ogun dé bá wa, mo ti gbé omi tíì kaná, mo sì ń ka ìwé fún ìdánwò ọjọ́ náà. Fèrèsé mì tìtì. Mo rò pé àrá ni, títí ìró kejì fi dún. Ìlú Kharkiv ni, ní Ukraine, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀ sáré lọ sínú àjà ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ilé wa.

Ẹ̀yin àbúrò mi máa ń ní kí n sọ bí mo ṣe sá là. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tí mo ṣe kí n tó sá ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀.

Bàbá Ivan àti Màmá Oksana, ìyàwó rẹ̀, ló ń gbé nísàlẹ̀ yàrá mi. Tíṣà èdè ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Nínú àjà ilẹ̀ yẹn, tí ìró bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń fi orúkọ wa gbà mí lọ́kàn, torí pé orúkọ kan náà ni àwa méjèèjì ń jẹ́: Ivan ni wọ́n ń pe Jòhánù lọ́dọ̀ wọn.

"Jòhánù, kí ni wọ́n máa pè ọ́ ní Poland?"

"Jan."

"Ní Germany?"

"Johann. Tàbí Hans, tí wọ́n bá fẹ́ràn mi."

"Johann náà ti tó ọ. Ní Hungary?"

"János."

"France? Spain?"

"Jean. Juan."

"Nílé yín ńkọ́?"

Mo ní Jòhánù ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, Yahaya ni ti mọ́ṣáláṣí, àti pé ní Ọ̀tà, èèyàn lè rí méjèèjì nínú agbolé kan ṣoṣo. Bàbá rẹ́rìn-ín. Eruku ń já bọ́ láti òkè àjà sí wa lórí.

Wọ́n gbà ní Ukraine pé ẹni tó bá jókòó sáàárín àwọn méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tó sì fọkàn tọrọ nǹkan, yóò rí i gbà. Halyna, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, wà ní ìlú mìíràn níbi tí ìjà ti le. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Láràárọ̀ ni Màmá máa ń sọ pé, "Ẹ sún," á jókòó sáàárín wa lórí bẹ́ǹṣì, á dijú. Èmi àti Bàbá kì í mira títí yóò fi dìde. Mi ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni ọkàn rẹ̀ ti máa ń balẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, ànàmọ́ òyìnbó kan la pín sí mẹ́ta. Mo rí i pé Màmá gé tirẹ̀ kéré. Mo jẹ tèmi tán.

Ọjọ́ yẹn ni Bàbá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Má tíì lọ. Jẹ́ kí Halyna pè ná. Èmi nìkan ò tó; àárín ẹni méjì ni Màmá ń jókòó sí."

"Mi ò ní lọ, Bàbá."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Bàbá àti Màmá lọ tò fún omi. Ọmọ Nàìjíríà kan tá a jọ wà ní kíláàsì yọjú sí mi. "Ọkọ̀ wà níta. Àyè ẹnì kan ló kù."

"Jẹ́ kí n dúró de àwọn Bàbá."

"Jòhánù, ṣé orí ẹ pé báyìí? Awakọ̀ ò ní dúró."

Pẹ́ńsùlù wà nínú àpò mi. Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún wọn kí n tó wọ ọkọ̀ náà. Mo ti wá àlàyé fún un lọ́pọ̀ ìgbà: ẹ̀rù, ebi, ẹkún ìyá mi lórí fóònù. Òótọ́ ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n òótọ́ tó ṣẹ́kù ni pé ara tù mí pé wọn ò sí nílé láti wò mí lójú.

Ní ẹnubodè Poland, bàbá arúgbó kan bu ọbẹ̀ gbígbóná fún mi. Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó ní, "Jan." Ní Germany, ẹni tó bá mi tún ìwé mi ṣe ń jẹ́ Johann. Mo bú sẹ́kún níwájú rẹ̀. Ó rò pé ayọ̀ ni. Ó dà bíi pé Bàbá Ivan ti ṣíwájú mi, ó ń ṣílẹ̀kùn fún mi lọ.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ní, "Jòhánù, dúpẹ́. Ìwọ kọ́ lo dá ogun sílẹ̀." Mo dúpẹ́. Mo pe nọ́ńbà Bàbá. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń dún, wọn ò gbé e. Nígbà tó yá, kò dún mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá Halyna pè.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ni mo wà báyìí, ní Sango. Tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ lọ́sàn-án ká lè jẹun, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn máa ń bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ. Èmi àti Bọ̀dá Yahaya, tó máa ń wá láti Ìtẹ̀lé, la jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wò mí títí. "Jòhánù, sún mọ́bí jàre. Àbí mò ń rùn?"

"Ẹ ò rùn, bọ̀dá."

"Ta lo wá ń gba àyè yìí sílẹ̀ fún lójoojúmọ́?"

"Màmá kan ni."

Ó wo ẹnu géètì, ó jọ pé ó ń retí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó sì sún díẹ̀ sí i, kí àyè náà lè gba Màmá dáadáa.