Ìbéèrè Tí Dúsúmọ̀ọ̀ Gbà Lẹ́nu Onínǹkan

Láyé ìgbà tí Adéwọ̀yìn ọmọ ìlú Masifa ṣì ń ṣe aláwàdà, kó tó yanu rárá lẹ́rìn-ín ti ń pa èèyàn. Àbíjàn ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ń ta àńkárá, tó sì ń ṣeré fún àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tó padà wálé, eré bàbá arúgbó kan ló gbé dé: àtíkè funfun lójú, ṣòkòtò tó fi okùn so, àti ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo, "Dúsúmọ̀ọ̀!", ìyẹn ni pé kí èèyàn rọra. Tí wọ́n bá gba ìyàwó rẹ̀ lójú eré, á ní dúsúmọ̀ọ̀. Tí wọ́n bá jí ewúrẹ́ rẹ̀, dúsúmọ̀ọ̀ náà ni. Láti ìlú Ara dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, orúkọ yẹn la mọ̀ ọ́n sí.

Olóṣèlú kì í rí ohun tó dùn kó má bù ú jẹ. Tí Ọnárébù tó ń ṣojú wa bá ń bọ̀ wá ṣe kámpéènì, Dúsúmọ̀ọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gorí ìtàgé. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un kọjá ẹ̀rín lásán. Á máa ṣọ́ ẹni tó bá fajú ro láàárín èrò, ẹni tó jọ pé ó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, ẹni náà ni yóò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ìtìjú á fi mú un jókòó. Kí Ọnárébù tó dé, kò ní sẹ́ni tó lè yanu mọ́. Ẹ wo ìkà! Ẹ sì wo bí àwa náà ṣe ń pàtẹ́wọ́ sí i.

Nígbà tí kámpéènì tó kọjá bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá sí abúlé wa, lẹ́yìn Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Rùkàyyàt dìde pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni nọ́ọ̀sì máa dé ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́ fún wa? Ó ti pé ọdún méjì tí àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀."

Adéwọ̀yìn di ikùn mú, ó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ kiri orí ìtàgé. "Ẹ gbà mí o! Ṣé nọ́ọ̀sì ló fún eléyìí lóyún ni, tó fi ń wá a kiri? Dúsúmọ̀ọ̀, ìyàwó!"

Gbogbo pápá hó yèè. Rùkàyyàt jókòó.

Èmi Mùíbì tí mò ń kọ èyí, èmi ni ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni ìrọbí mú un. Mo gbé e sórí ọ̀kadà mi, a lọ bá àgádágodo yẹn. Mo fi òkúta lù ú, lù ú, kò ṣí. Orí sìmẹ́ńtì iwájú ilé ìwòsàn ló bí ọmọ náà sí, ọmọ náà kò sì ké. Ilé tí wọ́n kọ orúkọ Ọnárébù sí lára gàdàgbà, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú rẹ̀ tó lè gbẹ̀bí! Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Wọn ò tíì mọ Ọnárébù wa nígbà tí wọ́n ń pa òwe yẹn. Inú bí mi nígbà náà, inú ṣì ń bí mi báyìí.

Adéwọ̀yìn gbọ́. Ó wá sílé wa láìkun àtíkè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jáde nílé mi," ni mo wí, "kí n tó hùwà tí n ò fẹ́ hù."

Rùkàyyàt ní kí n dákẹ́. "Inú ilé kọ́ lẹ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bàbá. Níbi tí ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dá a padà fún mi."

Adéwọ̀yìn dìde, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti da iyẹ̀pẹ̀ sí gààrí ara rẹ̀.

Nígbà tí ìbò ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tún padà wá. Dúsúmọ̀ọ̀ gorí ìtàgé, ó yọ áńkáṣíìfù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu àtíkè ojú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń rín, wọ́n rò pé ara eré ni. Ó ń nù ún títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu wọn.

Ó ní, "Ìbéèrè kan wà tí mo gbà lẹ́nu onínǹkan níbí. Rùkàyyàt, jọ̀ọ́, wá gbà á."

Ó gbé máíkì fún un, ó sì lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí Rùkàyyàt ti dìde. Ìyàwó mi tún béèrè: "Ìgbà wo ni nọ́ọ̀sì máa dé?"

Ọmọ ẹ̀yìn Ọnárébù kan jágbe. "Dúsúmọ̀ọ̀! Pa wọ́n lẹ́rìn-ín! Kí la gbé ẹ wá ṣe?"

"Ọmọ tó kú ò pa mí lẹ́rìn-ín," ni Adéwọ̀yìn fi dá a lóhùn.

Ni wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀. A ò gbọ́ ohùn ìyàwó mi dáadáa mọ́. Mo dìde, mo fi gbogbo ọ̀fun mi pariwo ìbéèrè náà. Ẹnì kan gbà á lẹ́yìn mi, gbogbo pápá sì gbà á. Ọnárébù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó yí padà.

Ó sì tún wọlé ìbò o! Adéwọ̀yìn kò rí ẹni pè é sí eré mọ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Ọnárébù, pẹ̀lú ìbéèrè yẹn lára páálí. Àwọn jàǹdùkú ti lù ú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti yọ ọ́ léyín. Mo máa ń lọ bá a jókòó. Nọ́ọ̀sì kò tíì dé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín.

Adéwọ̀yìn ti bẹ ìyàwó mi níwájú gbogbo ayé, Rùkàyyàt sì ti dárí jì í. Èmi kò tíì bẹ̀ ẹ́. Rùkàyyàt kò bi mí rí bóyá mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí.