Ìkíni Ògúnwálé

Ògúnwálé tó ń tún fíríìjì ṣe ní Siluko Road ṣí ìkànnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ọmọ tá a bí tá a kọ́, ìkíni ló fi bẹ̀rẹ̀: ó kí àgbà, ó kí ọmọdé, ó kí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ó kí pásítọ̀. Ẹnì kankan ò pè é.

Adétọ́lá ìyàwó rẹ̀ kà á, ó pòṣé.

“Bàbá Dámisí, ẹran ń bàjẹ́ mọ́ oníbàárà lọ́wọ́, ẹ ṣì ń kí pásítọ̀!”

Ó gba fóònù, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó kọ ọ́ pé: “Ṣé fíríìjì yín ò tutù mọ́? Ẹ pè mí, màá wá tún un ṣe nílé yín lónìí.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá kan pè láti Uselu. Ara tu Ògúnwálé pẹ̀sẹ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ilé. Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Ọ̀gá, ẹja mi ti ń rùn! Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ ó kí mi.”