Àwo Dúdú Tó Gbé Kọ́mọláfẹ́ Gun Òkè

Ní gbogbo ọdún tí Kọ́mọláfẹ́ fi wa tírélà obì láti Ṣàgámù lọ sí Òkè Ọya, kò sí ọkọ̀ tí kì í yà á sílẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì sí Ìlíṣàn, ó ra ọkọ̀ eré ìje pupa kan, àlòkù oníjòkòó méjì. Ó ní kí òun tó darúgbó tán, òun náà á fi ẹ̀yìn ọkọ̀ han ẹlòmíràn.

Àmọ́ bí ọkọ̀ náà bá ti dé ìgòkè tó wà lẹ́yìn Likosi, ńṣe ló máa ń rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ru ẹrù. Lọ́jọ́ kan, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó kó àgbàdo yà á sílẹ̀ níbẹ̀, Kíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀.

"Bàbá Ànú, ojú tì mí tó. Kí oṣù yìí tó parí, ẹ gbé mi gun òkè yìí lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún kọ̀, kí oníbàárà Ṣàgámù tó fẹ́ rà á yẹn máa gbé e lọ."

Kọ́mọláfẹ́ gbà.

Tàjúdéènì, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ṣàgámù, ní spésà ni ọkọ̀ náà ń fẹ́: àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń fi sáàárín ẹ́ńjìnnì àti manífóòdù, ìyẹn ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì. Ó kó wọn jáde: ti alumínọ́ọ̀mù tó ń dán bíi dígí, àti oníke dúdú méjì tó jọ àtẹ́lẹ̀ bàtà, ọ̀kan nípọn, ọ̀kan tín-ín-rín. Kọ́mọláfẹ́ mú èyí tó ń dán.

Wọ́n dè é lọ́jọ́ Ẹtì. Ó gun òkè, ọkọ̀ tún rọ. Kò lè tú u wò, nítorí oòrùn ti ń wọ̀, ọmọ ìjọ Ádífẹ́ńtì sì ni: bí Sábáàtì bá ti wọlé, kì í fọwọ́ kan irin iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ jáde nílé bí ìgalà. Ṣùgbọ́n kó tó ti Ìkẹ́nnẹ́ padà, ẹ́ńjìnnì ti gbóná, agbára ti tán. Ó ń rò ó ní ilé ìdáná nígbà tí Kíkẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀. Ara ìkòkò gbóná bí iná, síbẹ̀ ọwọ́ lásán ló fi di ọwọ́ ìkòkò náà tó jẹ́ ike dúdú mú.

"Ọwọ́ ìkòkò!" Kọ́mọláfẹ́ pariwo. "Ohun tó ń dán yẹn ló ń gbé ooru ẹ́ńjìnnì fún afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná kò sì lágbára! Ike kì í gbé ooru!"

Ó bu ẹ̀bà, ó gbé e lé manífóòdù, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

"Ẹ̀bà mi!" Kíkẹ́ ké.

"Òṣùwọ̀n ni." Nígbà tó ṣí i, ẹ̀bà ti tẹ́ pẹlẹbẹ. Àyè tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kò pọ̀; oníke tó nípọn á jẹ́ kí manífóòdù kàn án. Oníke tín-ín-rín ni yóò wọ̀ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, oníke?" Tàjúdéènì rẹ́rìn-ín nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì á yọ́ ọ bí epo tó dì."

"Bó bá yọ́, wá fi jẹṣu."

Wọ́n de oníke náà, ọ̀sán gangan sì ni Kọ́mọláfẹ́ àti Kíkẹ́ gun òkè náà, ẹ́ńjìnnì gbóná janjan. Tàjúdéènì gbé jíìpù tirẹ̀ síwájú kó lè wo ìṣubú. Kọ́mọláfẹ́ tẹ iná mọ́ ọn. Ọkọ̀ kò rọ, kò kọ̀. Ó bú, ó kọjá jíìpù, ó kọjá tírélà, ó yọ sórí òkè.

Kíkẹ́ tú ọwọ́ tó fi di ìjókòó mú, ó pe ẹnìkan lórí fóònù. "Ẹ má bínú, sà. A ò ta ọkọ̀ mọ́."

Ó wẹ̀yìn. "Bàbá Ànú, kẹ̀kẹ́ alágbàdo ọjọ́sí dà?"

"Ó ṣì ń bọ̀."